Ṣé O Mọ̀? Gbé Láàpútọ́ọ̀pù Rẹ Wá Ṣèdánwò

Ṣé o mọ̀ pé ní Fíńláńdì, láàpútọ́ọ̀pù tí ọmọ fi wo fíìmù lálẹ́ àná ló máa gbé wọ gbọ̀ngàn ìdánwò àṣekágbá girama láàárọ̀ yìí? Kì í ṣe ìdánwò kékeré o. Ó ti wà láti 1852, nígbà tó jẹ́ òun ni wọ́n fi ń wọ yunifásítì ìlú Helsinki. Orí bébà ni wọ́n ti ń ṣe é bọ̀ títí di ìgbà ìwọ́wé 2016, tí wọ́n gbé èdè Jámánì, jọ́gíráfì àti fìlọ́sọ́fì bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Mátíìsì ló kẹ́yìn, ní 2019.

Ṣé o mọ̀ pé wọn ò fọkàn tán láàpútọ́ọ̀pù yẹn rárá? Ibẹ̀ gan-an lọgbọ́n wà. Wọn kì í jẹ́ kí Windows jí. Ọmọ á ki fláṣì tí iléèwé fún un bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ kó tó tàn án, inú fláṣì yẹn ni ẹ̀rọ á sì ti jí. Ohun tó wà nínú fláṣì ni ètò Linux kan tí wọ́n ń pè ní Abitti, àjọ tó ń ṣe ìdánwò náà ló sì ṣe é fúnra rẹ̀. Nóòtì ọmọ, fọ́tò rẹ̀, gbogbo ohun tó ti tọ́jú pa mọ́, wọ́n ṣì wà nínú ẹ̀rọ kan náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò tó wọn. Tó bá ṣe tán, á yọ fláṣì, á tún ẹ̀rọ tàn, á sì bá ẹrù rẹ̀ níbi tó fi í sí.

Íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Kò sí. Wáyà ni wọ́n fi so ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ́ sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà tó wà nínú iléèwé níbẹ̀. Fóònù etí tí wọ́n á fi gbọ́ ìdánwò èdè náà, oníwáyà ni. Ìbéèrè máa ń wà lórí sáfà kí ọjọ́ tó pé, àmọ́ wọ́n ti tì í pa, àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò ni àjọ náà tó máa ń fi kọ́ọ̀dù tí wọ́n á fi ṣí i ránṣẹ́. Ẹni tó bá mọ bí ẹ́kísípò ṣe máa ń rìn lóru lọ́dọ̀ tiwa á mọ ìdí tí mo fi dúró lórí èyí.

Bí láàpútọ́ọ̀pù bá kú láàárín ìdánwò, kò sí ẹkún. Sáfà ti ń gba ìdáhùn sílẹ̀ bí ọmọ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ mìíràn fún un, á ki fláṣì bọ̀ ọ́, á sì máa bá iṣẹ́ lọ láti ibi tó dé.

Ṣé o mọ̀ pé nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣe ètò náà lọ́wọ́, wọ́n ṣe ìdíje fún àwọn ọlọ́gbọ́n kọ̀ǹpútà pé kí wọ́n wá fi bí èèyàn ṣe lè jíwèé wò hàn wọ́n? Èmi fẹ́ràn ìyẹn. Ó sàn kí ẹni tó bá rí ihò lára ògiri fi hàn ọ́ kó o tó kó ọmọ wọlé.

Nínú mátíìsì, apá kìíní wà tí ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe láìsí ẹ̀rọ ìṣirò. Ìgbà tó bá fi apá yẹn sílẹ̀ ni kọ̀ǹpútà tó máa ṣí àwọn ètò ìṣirò ńlá fún un, irú GeoGebra àti TI-Nspire. Bó bá ti ṣí wọn, kò tún lè padà sí apá kìíní mọ́. Wákàtí 6 ni odindi ìdánwò ọ̀hún, ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń gbé oúnjẹ wọlé, bí wọ́n bá ti ṣí bébà ara rẹ̀ kúrò.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà tí kò nílò fláṣì? Safe Exam Browser ni. Yunifásítì Giessen ní Jámánì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ETH Zurich ní Switzerland ló wá gbé e dàgbà. Tó o bá ṣí i, á gba gbogbo ojú ẹ̀rọ: o ò lè fo lọ sí ibòmíràn, o ò lè ṣe kọ́pì wá láti ibì kan. Sáfà ìdánwò náà á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọwọ́ kan ti tún un ṣe. Àwọn ọmọ gbọ́n, wọ́n dá a pé àwọn á ṣí i nínú kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà, kí ojú gidi lè máa ṣe ohun tó wù ú lẹ́yìn. Safe Exam Browser ti mọ ìyẹn náà, kì í gbà láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, fláṣì Fíńláńdì ló wù mí jù. Safe Exam Browser, àlejò ni nínú ilé onílé, onílé sì ni ẹni tó ń ṣèdánwò.

Dẹ́ńmáàkì tilẹ̀ gba ọ̀nà òdìkejì: ní 2009 wọ́n dán an wò pé kí àwọn ọmọ girama kan lo íntánẹ́ẹ̀tì nínú ìdánwò, kí wọ́n má ṣáà ti bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ní oṣù keje 2014, àwọn tó ń ṣe ìdánwò lọ́yà ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà parí iṣẹ́ lórí láàpútọ́ọ̀pù wọn, wọn ò wá rí ìdáhùn fi ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà? Ilé iṣẹ́ ExamSoft ló ni ètò tí wọ́n lò. Ẹjọ́ dé kóòtù, ilé iṣẹ́ náà sì gbà láti san $2.1 mílíọ̀nù.

Ìwọ tó o ti ṣe JAMB rí, ṣé o rántí pé o lè ṣe gbogbo rẹ̀ láìfọwọ́ kan máòsì? Bọ́tìnì 8 péré tó: A, B, C, D láti fi dáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi sílẹ̀, R bó o bá yí ọkàn padà. Ìbéèrè 180, wákàtí 2, ẹ̀rọ ibùdó, o ò gbé tìrẹ wá. Ẹni tó bá rò pé ìyẹn nìkan tó láti dáàbò bo ìdánwò, kó rántí oṣù kárùn-ún 2025. Àtúnṣe kan tí wọn ò ṣe sórí àwọn sáfà ló mú kí àwọn ọmọ 379,997, ní ibùdó 157 ní Èkó àti ìpínlẹ̀ márààrún ilẹ̀ Ìgbò, ní láti tún ìdánwò ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, ọ̀gá JAMB nígbà náà, sunkún níwájú àwọn oníròyìn.

Ta ló ń ra láàpútọ́ọ̀pù? Ní Fíńláńdì, òbí ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí òfin ẹ̀kọ́ dandan gùn dé ọmọ ọdún 18 ní 2021, ó di ọ̀ranyàn láti pèsè rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọ tí òfin náà kàn.

Iléèwé tó bá fẹ́ dán an wò lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀fẹ́ ni Safe Exam Browser. Moodle, ètò tí àwọn iléèwé fi ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pàápàá ti ń bá a ṣiṣẹ́ tààrà láti ẹ̀dà 3.9, tó jáde ní 2020. Kí wọ́n wá wáyà ẹsitẹ́ńṣọ̀n tó pọ̀, kí wọ́n sì ra epo sí jẹnẹrétọ̀, torí bátìrì tó lè gbé wákàtí 6 kò pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ.