Ilé Tí A Pa Tì Kì Í Ṣe Ilé Òfìfo

Ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá, a máa ń rí ilé iṣẹ́ tó ti kógbá sílé, ilé ìwòsàn tí wọ́n ti kó kúrò nínú rẹ̀ àti ọ́fíìsì ìjọba tí koríko ti bò. Àwọn ọ̀dọ́ kan a máa wọ inú irú ilé bẹ́ẹ̀ láti ya fọ́tò àti láti wo bí àwọn ará ìṣáájú ṣe ṣiṣẹ́. Ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, èyí ti di ìgbafẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àìní ló ń gbé àwọn mìíràn débẹ̀, kí wọ́n lè rí irin àti wáyà bàbà tà. Ohun yòówù kí ó gbé ènìyàn débẹ̀, kí ó rántí pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ ní Goiânia

Ìlú Goiânia ní orílẹ̀-èdè Brazil rí ohun tí ojú kì í fẹ́ rí ní ọdún 1987. Ilé ìwòsàn aládàáni kan tí ń fi ìtànṣán wo àrùn jẹjẹrẹ ti ṣí kúrò ní ilé rẹ̀ àtijọ́ ní nǹkan bí ìparí ọdún 1985. Ẹ̀rọ ìwòsàn kan ṣẹ́ kù sínú ilé náà, wọn kò sì fi tó àjọ tó fún wọn ní ìwé àṣẹ létí. Inú ẹ̀rọ yìí ni èròjà olóró tí a ń pè ní caesium-137 wà. Kò tó 100 gíráàmù, a sì dé e mọ́ inú irin kékeré kan tí òjé yí ká. Nígbà tó yá, wọ́n wó apá kan ilé náà, ó sì wà láìsí ìṣọ́ tó péye.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1987, ọkùnrin méjì tó ti gbọ́ pé ẹ̀rọ olówó iyebíye wà níbẹ̀ wọlé, wọ́n tú orí ẹ̀rọ náà, wọ́n sì fi bárò gbé e lọ sílé. Láìpẹ́, èébì bẹ̀rẹ̀ sí gbé àwọn méjèèjì. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn lọ rí dókítà, wọ́n ní oúnjẹ tó jẹ ni kò bá a lára mu. Ó padà sídìí irin náà, ó sì lu ihò sí i lára. Ní ọjọ́ 18, wọ́n tà á fún oníṣòwò irin àlòkù.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, oníṣòwò yìí rí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù tó ń tàn láti inú irin náà, ó sì rò pé ohun iyebíye ni. Àwọn mọ̀lẹ́bí, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò wá wò ó, àwọn mìíràn sì bù lára rẹ̀ lọ sílé wọn. Àwọn kan tilẹ̀ fi para. Ọmọbìnrin kékeré kan, ẹni ọdún 6, jẹun pẹ̀lú ọwọ́ tí ìyẹ̀fun náà ti kùn.

Ìyàwó oníṣòwò náà ló kọ́kọ́ fura pé ohun tí ń dán yìí ló ń ṣe àwọn ará ilé òun. Ní ọjọ́ 28, wọ́n di ìyókù rẹ̀ sínú àpò, wọ́n sì wọ bọ́ọ̀sì gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn elétò ìlera. Ní ọjọ́ kejì, onímọ̀ físíìsì kan gbé ẹ̀rọ tí ń wọn ìtànṣán wá, àṣírí sì tú. Ìfura obìnrin yìí gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kú ní oṣù Kẹwàá, òun àti ọmọbìnrin náà àti ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tó ń bá ọkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́.

Nǹkan bí 112,000 ènìyàn ni wọ́n yẹ̀ wò, èròjà náà sì wà lára 249. Wọ́n wó àwọn ilé kan palẹ̀, wọ́n sì ha erùpẹ̀ tó yí wọn ká. Ìbẹ̀rù tún bí ìkórìíra. Àwọn ènìyàn ju òkúta níbi ìsìnkú ọmọdé náà, wọn kò fẹ́ kí a sin ín sí ìlú. Níbòmíràn, wọ́n ń sá fún ẹni tó bá ti Goiânia wá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ̀.

Ìdí Tí Ó Fi Burú Tó Bẹ́ẹ̀

Ìtànṣán olóró kò ní òórùn, a kì í gbọ́ ohùn rẹ̀, kì í sì í jóni lójú ẹsẹ̀. Inú ara ló ti ń ṣọṣẹ́, pàápàá nínú mùdùnmúdùn eegun tí ń pèsè ẹ̀jẹ̀. Nǹkan bí ọdún 30 ni caesium-137 ń lò kí agbára rẹ̀ tó dín sí ìdajì. Nítorí náà, pé ilé ti pẹ́ láìlò kò sọ pé oró inú rẹ̀ ti kú. Ẹ̀kọ́ yìí kò sì tán ní Brazil. Ní ọdún 2000, òṣìṣẹ́ mẹ́ta kú ní Samut Prakan, ní orílẹ̀-èdè Thailand, nítorí irú ẹ̀rọ ìwòsàn bẹ́ẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò irin àlòkù.

Àwọn ewu mìíràn tún wà. Eruku asbestos inú àjà àti páànù àtijọ́ lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, kí àrùn rẹ̀ má sì hàn títí di ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ inú táńkì tí a ti dé pa lè pa ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ó sì tún pa ẹni tó sáré wọlé láti yọ ọ́. Páká tó ti jẹrà a máa já, irin tó ti dípẹtà a sì máa ṣẹ́.

Ohun Tó Yẹ Kí A Ṣe

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín láti dá àmì ìtànṣán mọ̀: abẹ́ mẹ́ta tí ó yí ojú kan ká, lórí àwọ̀ ìyeyè. Láti ọdún 2007 ni àmì pupa mìíràn tún ti wà, tó ní agbárí òkú àti ẹni tí ń sá lọ. Ẹni tó bá rí èyíkéyìí nínú wọn, tàbí irin kékeré tó wúwo lọ́nà àrà, kí ó má fọwọ́ kàn án. Kí ó kúrò níbẹ̀, kí ó sì sọ fún ọlọ́pàá. Ní Nàìjíríà, àjọ NNRA, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2001, ni ọ̀rọ̀ ìtànṣán wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ìjọ tó bá sì fẹ́ sọ ilé iṣẹ́ àtijọ́ di ilé ìsìn, kí ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ó sì mú onímọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Ṣùgbọ́n kí a má di gbogbo ẹ̀bi ru ẹni tó wọlé. Ebi ló lé àwọn ọkùnrin Goiânia débẹ̀, wọn kò mọ ohun tó wà nínú irin náà. Àwọn tó mọ̀ ni wọ́n fi í sílẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tó bá ń kó kúrò nínú ilé, ojúṣe rẹ̀ ni láti rí i pé ohun tó kù sẹ́yìn kò ní pa ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn.