Bí A Ṣe Ń Múra Ìṣirò Sílẹ̀ fún Ìdánwò Àṣekágbá

Ẹni tí ó jókòó sí èbúté Agbowa, tí ó ń wo atukọ̀, kò lè torí bẹ́ẹ̀ mọ ọkọ̀ tù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìṣirò. Kíkà nìkan kò tó.

Nínú ìwé kejì ìṣirò WAEC, ìbéèrè 10 ni a ó dáhùn láàárín ìṣẹ́jú 150. Máàkì 40 wà fún márùn-ún ìpín kìn-ín-ní, 60 fún márùn-ún ìpín kejì. Nítorí náà, má ṣe lò ju ìṣẹ́jú 12 lọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti àkọ́kọ́, tàbí 18 lórí ti ìkejì.

Gbé aago síwájú, ṣe ìbéèrè àtẹ̀yìnwá lójoojúmọ́, kí o sì kọ gbogbo ìgbésẹ̀ sílẹ̀. Bí ìdáhùn tilẹ̀ ṣì, ìgbésẹ̀ tí ó tọ̀nà lè gba máàkì. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.