Ènì Kan Lórí Òǹkà Ńlá

Ẹni tí ó bá ti ná ọjà aṣọ rí ní Gbági, n'Ìbàdàn, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í tán lórí owó nìkan. Bí a bá ti fẹnu kò tán, oníbàárà yóò tún ní, 'Ẹ fún mi ní ènì.' Ènì dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú ìṣirò, ènì kan ṣoṣo lè da ìpín rú.

Ẹ jẹ́ kí a mú aṣọ yáàdì 16. Ẹni méjì lè pín in dọ́gba. Ẹni mẹ́rin tàbí mẹ́jọ náà lè pín in. Ẹ fi ènì yáàdì kan sí i kí ó di 17. Ó parí! Àfi kí ẹnì kan kó gbogbo rẹ̀, tàbí kí ènìyàn 17 mú yáàdì kọ̀ọ̀kan. Irú nọ́ńbà báyìí ni a ó máa pè ní aláìṣeépín. Irú 16 ni a ó máa pè ní aṣeépín.

Àwa Yorùbá mọ 16 dáadáa. Ojú odù Ifá jẹ́ 16. 16 lọ́nà 16 sì jẹ́ 256, iye gbogbo odù. Ẹ fi ènì kan sí 256: 257 kò ṣe é pín. 256 lọ́nà 256 jẹ́ 65,536. Ẹ fi ènì sí i: 65,537 náà kò ṣe é pín.

Ní ọdún 1640, ọ̀mọ̀ràn ará Faransé kan, Pierre de Fermat, wo ìlà yìí láti orí 2: 2, 4, 16, 256, 65,536. Ènì kan sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn di aláìṣeépín. Ó gbà pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí láé. Èyí tí ó kàn ni 4,294,967,297. Bí ó bá ṣe pé owó ẹyọ ni, tí ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000, yóò kún ọ̀kẹ́ 214,748, ẹyọ 7,297 yóò sì ṣẹ́kù. Ta ni yóò jókòó pín in wò?

Leonhard Euler ni. Ọmọ ọdún 25 ni ní ọdún 1732, nígbà tí ó fi hàn pé 641 lọ́nà 6,700,417 ni nọ́ńbà náà. Aṣeépín ni! Lẹ́yìn náà, ó tún fi yé wa pé ohunkóhun tí ó bá lè pín in, bí a bá fi 64 pín òun náà, 1 ni yóò ṣẹ́kù. Nítorí náà, àwọn aláìṣeépín tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ dán wò ni 193, 257, 449, 577 àti 641. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ló bọ́ sí i.

Kí ó má baà dà bí àhesọ, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Ẹ pe 640 × 640 × 640 × 640 ní A. 640 × 640, kí a yọ 1, jẹ́ 639 × 641. Nítorí náà 641 lè pín A tí a yọ 1 kúrò nínú rẹ̀. Bákan náà, A jẹ́ 625 × 268,435,456. 641 jẹ́ 625 àti 16. 16 × 268,435,456 sì jẹ́ 4,294,967,296. Nítorí náà, bí a bá yọ A kúrò nínú 641 × 268,435,456, tí a sì fi 1 kún ohun tí ó kù, nọ́ńbà wa ló jáde. 641 pín apá méjèèjì. Ó pín gbogbo rẹ̀.

Láti ìgbà náà títí di òní, kò tíì sí ẹni tí ó rí aláìṣeépín mìíràn nínú ìlà yìí lẹ́yìn 65,537.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún àwa tí a ń ṣe ìwádìí èdè. A óò gbọ́ àpẹẹrẹ márùn-ún ní ìlú márùn-ún, a óò sì sọ ọ́ di òfin gírámà. Ẹlẹ́rìí márùn-ún ni Fermat ní, gbogbo wọn ló sọ òótọ́. Síbẹ̀ ẹ̀kẹfà tú àṣírí. Kí olùkọ́ má bínú bí akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè ẹ̀kẹfà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.