Odi Tó Sùn Sábẹ́ Koríko ní Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́

Gegele kan, kòtò gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, igbó bo àwọn méjèèjì mọ́lẹ̀. Ohun tó máa ń kù níbi tí odi àtijọ́ ti dúró ní agbègbè Ilé-Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ nìyẹn. Ẹni tí kò mọ̀ á ní àgbàrá ló gbẹ́ ẹ. Ẹlòmíràn á kàn da ìdọ̀tí sí i. Ọwọ́ ènìyàn ló gbẹ́ ẹ o, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kọ́ sì ni.

Lọ́dún 1969 ni Paul Ozanne, awalẹ̀pìtàn, tẹ iṣẹ́ rẹ̀ lórí àwọn odi yìí jáde. Ohun tó rí ni pé odi Ifẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan: ọ̀kan yí òmíràn ká, àwọn kan ti pẹ́ gidigidi, ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ àwọn kan. Ìdí rèé tí mi ò fi gbà fún ẹni tó bá nawọ́ sí gegele kan tó ní, “Odi Ifẹ̀ nìyẹn.” Odi ta ni? Ti ìgbà wo?

Odi mímọ kò ní idán nínú. Àwọn ènìyàn gbẹ́ yàrà, wọ́n ń da erùpẹ̀ rẹ̀ sápá ìlú. Bí yàrà bá jìn ní ẹsẹ̀ mẹ́wàá, tí òkìtì náà sì ga ní ẹsẹ̀ mẹ́wàá, ogún ẹsẹ̀ ni ọ̀tá máa pọ́n. Kò sí ẹṣin tó lè fò ó. Ilẹ̀ pupa wa á gbẹ gan-gan, igbó á hù lé e lórí, ibodè nìkan á wá di ọ̀nà, oníbodè ló sì ń pinnu ẹni tó máa wọlé.

Kí ni wọ́n ń dáàbò bò nígbà àkọ́kọ́? Ohun tí wọ́n wú nílẹ̀ Ifẹ̀ ló fi irú ìlú tó wà níbẹ̀ hàn. Ní 1957, àwọn òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ kan ṣàdédé kan àwọn ère idẹ ní Ìta Yemòó, Frank Willett, awalẹ̀pìtàn, sì wá wa ilẹ̀ ibẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní 1971 sí 1972, awalẹ̀pìtàn mìíràn, Peter Garlake, walẹ̀ ní ilẹ̀ Ọbalárá, ó rí ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́, orí amọ̀, egungun ènìyàn, àti ìkòkò kan tí wọ́n ya ojúbọ sí lára, tòun ti àwọn orí tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rúndún kẹrìnlá ni wọ́n ka ibẹ̀ sí. Nínú ìtàn àtẹnudẹ́nu, Ọ̀ọ̀ni Lúwòó, obìnrin kan ṣoṣo tó jọba ní Ifẹ̀, ló ní kí wọ́n máa fi àpáàdì tẹ́ ilẹ̀, kí ẹrẹ̀ má baà kan òun lẹ́sẹ̀. (Obìnrin tó mọ ohun tó fẹ́!)

Ìlú tí odi yí ká lè yí padà, kí gegele àti kòtò odi náà ṣì wà; bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe àwọn ilé ìjọsìn kéékèèké ní England. Láàárín 1536 sí 1540 ni Ọba Henry Kẹjọ tú àwọn ilé tí àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ń gbé ká, àwọn ará àdúgbò sì kó òkúta wọn lọ fi kọ́lé. Lónìí, gegele àti kòtò nínú pápá màlúù ni púpọ̀ nínú wọn. Ilé lè lọ, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí kòtò tó lọ.

Odi Modákẹ́kẹ́ yàtọ̀ sí ti Ifẹ̀ àtijọ́. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé fọ́, àwọn tó sá wá sí Ifẹ̀ pọ̀, ní nǹkan bí 1845 sì ni Ọ̀ọ̀ni Adégúnlẹ̀ Abéwéelá fún wọn ní ilẹ̀ tiwọn. Igbe ẹyẹ àkọ̀ tó tẹ́ ìtẹ́ sórí igi ńlá kan níbẹ̀ ni wọ́n ní ó di orúkọ ìlú. Kò pẹ́ tí ìjà dé, torí ilẹ̀ àti ẹni tí yóò máa sin ẹni. Odi ìgbà yẹn kì í ṣe odi ọ̀tá láti ọ̀nà jíjìn mọ́, odi aládùúgbò ni. Àdéhùn 1886 tó parí ogun Kírìjì, ogun tí àwọn Yorùbá bá ara wọn jà, ní kí Modákẹ́kẹ́ kó kúrò. Wọn ò kó. Ní 1909 ni ìjọba òyìnbó wá tú ìlú náà ká, ó sì tó nǹkan bí 1922 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí padà. Ilẹ̀ ò kó lọ ní tirẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ọjọ́ orí odi? Kí wọ́n tó da òkìtì, wọ́n á kọ́kọ́ jó igbó. Èédú á há sábẹ́ erùpẹ̀. Igi tó ti kú kò gba kábọ̀n mọ́, irú kábọ̀n kan tó wà nínú rẹ̀ á máa dín kù, ìdajì rẹ̀ á lọ láàárín nǹkan bí 5,730 ọdún, iye tó ṣẹ́kù ló ń sọ ìgbà tí igi náà kú. Irú èédú bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí àwọn awalẹ̀pìtàn Gérard Chouin àti Adìsá Ògúnfọlákàn, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, máa tún ọjọ́ orí odi Ifẹ̀ àti ti Ẹrẹ̀dò Súngbọ́, odi àti yàrà ńlá tó wà ní Ìjẹ̀bú, wò. Ẹrẹ̀dò yìí gùn ju 160 kìlómítà lọ, ó sì ti wà lórí ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà ń fẹ́ kí UNESCO gbà láti 1995. Nínú irú iṣẹ́ yìí, Chouin tilẹ̀ dá a lábàá pé àjàkálẹ̀ àrùn tó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Yúróòpù ní ọ̀rúndún kẹrìnlá lè ti kan ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà náà. Àbá ni, kò tíì di òdodo.

Èédú náà kì í ju ẹyọ fíntínfíntín lọ, dúdú lórí ilẹ̀ pupa. Bí katakata bá ti gé òkìtì kọjá lẹ́ẹ̀kan, èédú náà ti dà pọ̀ mọ́ yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n fi ń dí ìpìlẹ̀.