Nígbà Tí Fóònù Di Alábòójútó Oúnjẹ Ọmọ

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ WW, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì mọ̀ sí Weight Watchers, gbé áàpù kan jáde ní Amẹ́ríkà. Kurbo lorúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ọdún 8 sí 17 ni wọ́n ṣe é fún. Ọmọ á máa kọ gbogbo ohun tó bá fi kan ẹnu sínú fóònù, áàpù á sì máa fi àwọ̀ dá a lóhùn. Kò pẹ́ tí ariwo fi ta. Àwọn òbí, àwọn onímọ̀ nípa oúnjẹ, àtàwọn àgbàlagbà tí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ara ti ba ìgbà èwe wọn jẹ́, bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kí ilé-iṣẹ́ náà kó ohun tó gbé jáde wọlé. Àwọn tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú wọn lé ní 100,000.

Jean Nidetch, ìyàwó ilé kan ní New York, ló dá Weight Watchers sílẹ̀ ní 1963 fún àwọn tó fẹ́ dín ara kù. Àgbàlagbà tó bá lọ síbẹ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn lọ. Ọmọ ọdún 8 ńkọ́?

Kò sẹ́ni tó ń jiyàn pé ìsanrajù ọmọdé kì í ṣe ìṣòro. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní 2022, àwọn ọmọ ọdún 5 sí 19 tí ara wọn wúwo ju bó ṣe yẹ lọ kárí ayé ju 390 mílíọ̀nù lọ, 160 mílíọ̀nù nínú wọn ló sì ti sanra débi tó fi jẹ́ àìsàn. Ní Amẹ́ríkà, bí a bá kó ọmọ márùn-ún jọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn wà nínú ìṣòro yìí. Àtọ̀gbẹ irú èyí tí a mọ̀ mọ́ àwọn àgbàlagbà ti ń mú ọmọ ilé ìwé. Ẹ̀jẹ̀ ríru náà ń bẹ láàárín wọn. Ọmọ tó wà nínú irú ipò bẹ́ẹ̀ nílò ìrànlọ́wọ́, òbí tó sì ń wá ìrànlọ́wọ́ fún un kò ṣẹ̀.

Irú òbí bẹ́ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ Kurbo. Kì í ṣe WW ló kọ́kọ́ ni ín. Joanna Strober, obìnrin oníṣòwò kan ní California, ló ń wá ìtọ́jú kiri fún ọmọ tirẹ̀, ó sì rí i pé àwọn ètò tó dára wọ́n bí ojú, wọn ò sì pọ̀. Òun àti Thea Runyan, tó ti ṣiṣẹ́ nínú ètò ìtọ́jú ọmọ tó sanra ní Yunifásítì Stanford, wá gbé ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀ sínú fóònù. Ní 2014 ni wọ́n gbé e jáde. WW rà á lọ́wọ́ wọn ní 2018.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà náà kò le. Iná tó ń darí ọkọ̀ ní oríta ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ. Èso àti ẹ̀fọ́ jẹ́ àwọ̀ ewé, ọmọ lè jẹ wọ́n bó ṣe wù ú. Ẹran tí kò lọ́ràá àti búrẹ́dì àlìkámà jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, níwọ̀n-níwọ̀n ni kó máa jẹ wọ́n. Súwíìtì, ọtí ẹlẹ́rìndòdò àtàwọn ohun díndín jẹ́ pupa: kó dúró, kó rò ó wò, kó ṣọ́ iye ìgbà tó fẹ́ jẹ ẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Ọmọ tó bá lọ síbi ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó jẹ kéèkì, á padà délé wá kọ pupa sílẹ̀. Ní 2019, òbí tó bá lè san dọ́là 69 lóṣù máa ń rí olùkọ́ kan tó ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ lórí fídíò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni ìyókù.

Kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀, áàpù á bi í léèrè ohun tó ń lé. Ó lè mú pé òun fẹ́ dín ìwọ̀n ara òun kù, tàbí pé òun fẹ́ kí aṣọ máa dùn ún wọ̀. Èyí tó ká òǹkọ̀wé yìí lára jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n tò síbẹ̀ ni èyí tó ní: kí inú àwọn òbí mi lè dùn. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ yẹn síwájú ọmọ ọdún 8, bí ẹni pé ara rẹ̀ ni gbèsè tó jẹ ìyá àti bàbá rẹ̀.

Àwọ̀ mẹ́ta yẹn fúnra wọn kò lẹ́bi, nítorí wọ́n ti pẹ́, wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ rí. Leonard Epstein, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá, ló bẹ̀rẹ̀ sí í lò wọ́n ní òpin àwọn ọdún 1970. Ó kó àwọn ọmọ ọdún 6 sí 12 tó sanra jọ pẹ̀lú àwọn òbí wọn, ó pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n kọ́ gbogbo wọn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju pé, ní apá kan, ọmọ àti òbí jọ ń gba ẹ̀bùn bí àwọn méjèèjì bá yí ìwà wọn padà. Ní apá kejì, ọmọ nìkan. Ní apá kẹta, wíwá sípàdé nìkan ni wọ́n ń gba ẹ̀bùn fún. Lẹ́yìn ọdún 10, Epstein padà lọ wọ̀n wọ́n. Iye ìdá ọgọ́rùn-ún tí àwọn ọmọ tí òbí wọn bá wọn ṣe é fi wúwo ju bó ṣe yẹ lọ ti já wálẹ̀ ní 7.5 sí ti ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ti àwọn apá kẹta ti gòkè ní 14.3. Ìwé ìròyìn àwọn dókítà Amẹ́ríkà, JAMA, tẹ àbájáde náà jáde ní 1990.

Ìyá tó ń ra oúnjẹ, bàbá tó ń bu omi ọsàn sínú ife, àwọn gan-an ni ìtọ́jú yẹn mú. Ọmọ kì í lọ sọ́jà, kì í dáná, òun kọ́ ló ń yan ohun tó wà nínú fíríìjì. Nígbà tí wọ́n gbé àwọ̀ mẹ́ta náà sínú fóònù, àwọ̀ nìkan ló wọlé ní kíkún. Òbí kù síta. Ọmọ wá di akọ̀wé, ó di adájọ́, ó tún di ẹlẹ́jọ́ lórí àwo oúnjẹ kan ṣoṣo.

Ohun tó ń ba àwọn alátakò lẹ́rù ju gbogbo rẹ̀ lọ ni àìsàn ọkàn tó máa ń ti ibi oúnjẹ wọlé. Ọmọ á máa febi pa ara rẹ̀ títí á fi gbẹ. Òmíràn á jẹ àjẹjù ní kọ̀rọ̀, á sì lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ pọ̀ ọ́. Àìsàn yìí ń pani. Dianne Neumark-Sztainer àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Minnesota tẹ̀ lé àwọn ọ̀dọ́ fún ọdún 5, wọ́n sì rí i pé àwọn tó ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ torí kí wọ́n lè rù ló wá sanra ju àwọn tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n máa jẹ àjẹjù ju àwọn yòókù lọ. Ní 2017, àwọn olùwádìí kan bi èèyàn 105 tó ní irú àìsàn yìí léèrè nípa MyFitnessPal, áàpù tí àwọn àgbàlagbà fi ń ka kálórì. Nǹkan bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti lò ó rí, ìdá 73 nínú àwọn yẹn sì sọ pé ó dá kún àìsàn àwọn. Èyí kò fi hàn pé áàpù ló dá àìsàn náà sílẹ̀ o. Ó kàn fi hàn ibi tí ẹni tó ti ń ṣàìsàn máa ń sá lọ ni, Kurbo kò sì lè mọ èwo nínú àwọn ọmọ tó ń lò ó ló ti wà ní bèbè.

WW kò dákẹ́. Wọ́n ní ètò febi-para-ẹ kọ́ ni, wọ́n ní ìwà rere nídìí oúnjẹ ni àwọn ń kọ́ ọmọ, àti pé ìwádìí ló wà nídìí rẹ̀. Ó yẹ ká gbọ́ tiwọn. Àmọ́ lórí ìkànnì wọn, fọ́tò àwọn ọmọdé ni wọ́n gbé síbẹ̀, ti àtẹ̀yìnwá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìsinsìnyí, pẹ̀lú iye ìwọ̀n tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti dín kù. Ẹni tó ń ta ìwà rere kì í fi òṣùwọ̀n pàtẹ.

Ibi tí ọwọ́ òfin ti wá tẹ̀ wọ́n nìyí: òbí tí kò sí níbẹ̀ náà ni. Òfin Amẹ́ríkà kan wà láti 1998 tó sọ pé ilé-iṣẹ́ kò gbọdọ̀ gba ìròyìn nípa ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ fọwọ́ sí i. Kurbo ń gba orúkọ, ọjọ́ ìbí, gíga, ìwọ̀n ara àti ohun tí ọmọ jẹ. Bí ọmọ bá fẹ́ wọlé nígbà náà, á yan ọ̀kan nínú méjì: òbí ni mí, tàbí mo ti pé ọdún 13. Ọmọ wo ni kò mọ èyí tó máa tẹ̀? Ìjọba ní láti 2014 sí 2019, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ló tẹ̀ ẹ́ pé àwọn ti pé ọdún 13, tí wọ́n wọlé tán, tí wọ́n wá yí ọjọ́ ìbí wọn padà sí èyí tó jẹ́ òótọ́, síbẹ̀ áàpù náà ò ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ìròyìn gbogbo wọn wà nílẹ̀ láìní gbèdéke, àfi bí òbí bá ní kí wọ́n pa á rẹ́.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 2022, Àjọ Ìṣòwò Ìjọba Àpapọ̀ Amẹ́ríkà, FTC, kéde pé WW gbà láti san owó ìtanràn mílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là. FTC ní kí WW pa ìròyìn àwọn ọmọ tí wọ́n gbà láìtọ́ rẹ́, kí wọ́n sì ba ètò kọ̀ǹpútà yòówù tí wọ́n bá fi ìròyìn yẹn kọ́ jẹ́. Ìyà tó kẹ́yìn yìí ló dára jù, torí owó ìtanràn kì í dun ilé-iṣẹ́ ńlá púpọ̀. Ní Nàìjíríà, òfin ààbò ìròyìn ara ẹni ti 2023 náà béèrè àṣẹ òbí tàbí alágbàtọ́ kí ẹnikẹ́ni tó lo ìròyìn ọmọdé.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà gbé ìlànà tuntun jáde lórí ìsanrajù. Wọ́n ní ìtọ́jú tó bá máa mú nǹkan wá gbọ́dọ̀ tó wákàtí 26, ó kéré tán, láàárín oṣù 3 sí 12, kí ọmọ àti ìdílé rẹ̀ sì jọ wà níbẹ̀ lójúkojú pẹ̀lú àwọn onímọ̀. Ọ̀pọ̀ ìlú ni kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Àlàfo yẹn ni àwọn áàpù ń rí wọlé, ohun tó sì yẹ kí àwọn tó ń pariwo lé Kurbo lórí tún máa béèrè lọ́wọ́ ìjọba nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tààrà. Ní England, wọ́n máa ń wọn ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá jẹ́ ọmọ ọdún 4 sí 5, àti nígbà tó bá di ọmọ ọdún 10 sí 11, àwọn ọmọ adúláwọ̀ sì wà lára àwọn tí ìsanrajù pọ̀ láàárín wọn jù lọ nínú ìṣirò náà. Wọn kì í sọ èsì fún ọmọ. Òbí ni wọ́n ń kọ lẹ́tà sí, òbí sì lè ní kí wọ́n má wọn tòun. Lẹ́yìn lẹ́tà yẹn, ohun tí àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà kọ sílẹ̀ ní 2016 kò nílò fóònù rárá: kí ìdílé máa jókòó jẹun pọ̀, kí wọ́n má ti ọmọ sídìí febi-para-ẹ, kí wọ́n má sì máa sọ̀rọ̀ ìwọ̀n ara rẹ̀ létí rẹ̀. Ìkẹta yìí ló le jù nínú ilé Yorùbá, níbi tí ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti àlejò ti máa ń pe ọmọ ní Ọ̀rọ̀bọ̀ lójú gbogbo èèyàn, tí wọ́n á sì ní ọ̀nà ìfẹ́ ni.