Alágbẹ̀dẹ Kan, Irin Méjì

Bí ènìyàn bá jókòó sí ilé alágbẹ̀dẹ, yóò ṣàkíyèsí pé irin kì í pẹ́ tutù. Alágbẹ̀dẹ yóò lù ú díẹ̀, yóò sì dá a padà sínú iná. Bí ó bá jẹ́ irin kan ṣoṣo ni ó ní, ọwọ́ rẹ̀ yóò dilẹ̀ títí irin náà yóò tún fi pọ́n. Nítorí èyí ni ó ṣe ń ki irin méjì bọ iná: bí ọmọ iṣẹ́ ti ń fi ẹwìrì fínná sí ọ̀kan, ni ọ̀gá ń fi òòlù lu èkejì.

Irú ọgbọ́n yìí ni ó wà nínú prósẹ́sọ̀, èyí tí í ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ géèmù. Ọpọlọ púpọ̀ ni a kó jọ sínú prósẹ́sọ̀ òde òní; core ni a ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Core yára púpọ̀, ṣùgbọ́n àká ìrántí tí ó ti ń mú nǹkan kò yára tó o. Nígbà tí ó bá ránṣẹ́ síbẹ̀, ó lè dúró lásán fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ lọ. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe fún core kan ní fọ́nrán iṣẹ́ méjì. Bí ọ̀kan bá ń retí, èkejì a máa ṣiṣẹ́. Kódà, nígbà tí ọ̀kan ń ṣírò odidi nọ́ńbà, èkejì lè máa ṣírò èyí tí ó ní dẹ́símà, nítorí irinṣẹ́ wọn yàtọ̀. Simultaneous multithreading ni orúkọ ọgbọ́n náà.

Xbox 360, tí ó jáde ní ọdún 2005, ní core mẹ́ta àti fọ́nrán mẹ́fà. Àwọn core rẹ̀ kò lè fo iṣẹ́ tí ó há láti mú èyí tí ó tẹ̀lé e, nítorí náà fọ́nrán kejì ṣe wọ́n ní àǹfààní púpọ̀. PlayStation 4 àti Xbox One ti ọdún 2013 ní core mẹ́jọ, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2020 ni fọ́nrán méjì-méjì padà dé, nínú PlayStation 5 àti Xbox Series X.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: fọ́nrán 16 kì í ṣe core 16. Bí irin méjèèjì bá pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, òòlù kan ni ó wà, ọ̀kan yóò sì tutù. Ọ̀ràn yìí kì í ṣe kékeré fún ẹni tí ń kọ géèmù. Bí ó bá fẹ́ fi àwòrán 60 hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí iṣẹ́ kan sì pẹ́, àwòrán yóò máa ta kọ́sẹ̀ lójú ẹni tí ń ta géèmù náà. Ìdí nìyí tí Xbox Series X fi gbà á láàyè láti yan ọ̀kan: fọ́nrán kan fún core kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìṣísẹ̀ bílíọ̀nù 3.8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tàbí fọ́nrán méjì pẹ̀lú bílíọ̀nù 3.66. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣeé pín dáadáa yóò mú èkejì. Ẹni tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ rọ̀ mọ́ fọ́nrán kan ṣoṣo, bí a bá fún un ní ọgọ́rùn-ún fọ́nrán, kò ní rí ohun tí yóò fi wọ́n ṣe.