Ìgbín Kọ́ Ni Ẹ̀ ń Bẹ̀rù

Bí òjò bá ti dá báyìí, ẹ̀rù a máa ba àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ wa: òkété ń bọ̀, tata ń bọ̀, ewúrẹ́ aládùúgbò ń bọ̀. Kò sẹ́ni tí í pariwo ìgbín. Ta ni yóò bẹ̀rù ọbẹ̀?

Àwọn ará Miami ní Amẹ́ríkà bẹ̀rù rẹ̀ o! Ní 1966, ọmọkùnrin kan kó ìgbín ńlá Áfíríkà mẹ́ta wọ̀lú; ìyá rẹ̀ àgbà tú wọn sínú ọgbà. Lẹ́yìn ọdún 7, ìgbín ti lé ní 17,000. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan dọ́là ni ìjọba ná kí wọ́n tó pa wọ́n tán. Ní 2011, ìgbín tún yọjú, ajá ni wọ́n fi ń wá wọn kiri. (Ká ní ọmọ Ìgbómìnà ni màmá yẹn ni, inú ìkòkò ni ọ̀ràn náà ìbá parí sí.)

Tiwa náà ń jẹ ẹ̀fọ́ lóru. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì ṣà á, ẹ gbé e lọ ọjà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fín oògùn apakòkòrò sí ọgbà, ẹ má ta ìgbín ibẹ̀, ẹ má sì sè é: ó lè ti jẹ oògùn mọ́ ewé.